Ìda Abẹ́ Síkíì Torunn

Ẹ̀yìn ni Torunn ń yọ̀ lọ nígbà tó kọ́kọ́ rí Sivert. Obìnrin náà ti gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè Skarvet dé ìdajì, ó ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gún yìnyín, ó ń mí hẹlẹ, síbẹ̀ síkíì, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dè mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín, kọ̀ láti di ilẹ̀ mú. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ síwájú ni ẹsẹ̀ ń dá a padà. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn ló kọ sí ibi tó ń lọ, títí ó fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, tí fìlà pupa bo etí rẹ̀, tí yìnyín sì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun.

Ọkùnrin náà yẹra fún un díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹra fún ọkọ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ibo lẹ ń lọ?"

"Òkè ni mò ń lọ."

"Hẹn-ẹn. Àwọn kan máa ń kọjú síwájú o. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kéèyàn tètè dé."

Torunn fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ojú ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ojú kan báyìí tó ní sùúrù, tó ṣeé wò. Torunn wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìda wo lẹ fi kùn ún?" ọkùnrin náà bi í. Ní Norway, èèyàn méjì lè bára wọn ṣiṣẹ́ títí wọn á fi fẹ̀yìn tì láìbi ara wọn léèrè ohun tó ń lọ nínú ilé wọn, àmọ́ ìda abẹ́ síkíì, ẹnikẹ́ni lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Bàbá mi ló kùn ún," Torunn dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó yíjú sí òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ló ń rọ̀ ní ìlú Bergen bó ṣe máa ń rọ̀. Ará Bergen kì í bá òjò jà. Bó bá di Sátidé ìgbà òtútù, wọ́n á wọ ẹ̀wù òjò, wọ́n á gbé síkíì léjìká, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí orí òkè ibi tí òjò ti ń di yìnyín. Torunn àti bàbá rẹ̀, Oddvar, ti ń wọ ọkọ̀ náà láti ìgbà tí Torunn ti kéré. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n nígbà náà. Nígbà tí ìyá Torunn kú, àwọn méjì ló kù, wọn ò sì jẹ́ kí Sátidé kan lọ láìjáde. Inú ọkọ̀ yẹn máa ń pa rọ́rọ́. Àwọn èèyàn wa kì í bá ẹni tí wọn ò mọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n á kúkú máa wo ojú fèrèsé, kódà bí ọkọ̀ bá wọnú ihò òkè tí kò sí ohun tí wọ́n lè rí níbẹ̀ ju ojú ara wọn lọ.

Ọ̀gákọ̀ ojú omi ni Oddvar kó tó fẹ̀yìn tì. Láyé rẹ̀, kò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé, ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, á gbé síkíì tirẹ̀ àti ti Torunn lọ sí yàrá abẹ́ ilé, á fetí sí rédíò kó lè mọ bí òtútù orí òkè ṣe máa rí, lẹ́yìn náà á mú agolo ìda. Aláwọ̀ ewé wà fún òtútù tó le koko, aláwọ̀ aró wà fún èyí tó mọ níwọ̀n, elésè àlùkò wà fún ọjọ́ tí òtútù bá ti dín kù, tí yìnyín sì ti ń yọ́. Á kùn ún sí abẹ́ síkíì níbi tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀, á fi ọwọ́ ra á títí á fi máa dán. Bí ìda bá bá yìnyín mu, á di ilẹ̀ mú fún ẹni tó ń gun òkè. Bí kò bá bá a mu, ẹ̀yìn lèèyàn á máa lọ. Gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú Oddvar, inú agolo ìda ló ń kó o sí, Torunn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ojú Oddvar ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Agolo aláwọ̀ aró ló ń mú tó sì rò pé elésè àlùkò ni. Torunn rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó yí síkíì rẹ̀ padà, ó sì pa ẹnu mọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ti fi ojú yẹn tu ọkọ̀ kọjá nínú kùrukùru pé kò mọ aró yàtọ̀ sí àlùkò mọ́? Nítorí náà, ó ń yọ̀. Oddvar náà ń yọ̀, torí agolo kan náà ló fi ń kun ti àwọn méjèèjì.

"Ẹsẹ̀ ti ń di ẹsẹ̀ arúgbó," á sọ bẹ́ẹ̀, á dúró, á fara ti ọ̀pá.

"Ẹ sinmi díẹ̀, Bàbá," Torunn á dáhùn, àwọn méjèèjì á sì máa ṣe bí ẹni tó ń wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin onífìlà pupa náà jókòó sí ilé kọfí tó wà ní ibùdókọ̀. Sivert lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkó yìnyín kúrò lójú irin kí ọkọ̀ lè kọjá, ó sì ń dá gbé nínú ilé kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan nítòsí ibẹ̀. Oddvar gbà á láyè nídìí tábìlì wọn nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ ju. Àwọn ọkùnrin méjèèjì á mu kọfí, ọ̀kan á ní "atẹ́gùn máa yí," èkejì á ní "ó máa yí," ìjíròrò parí.

Ṣùgbọ́n bí Oddvar bá ti lọ san owó kọfí, Sivert á tẹ̀ síwájú.

"Ìyá arìnsẹ́yìn, báwo ni ọ̀nà?"

"Ọ̀nà dára. Ìwọ ni kì í jẹ́ kí n rí i, o kàn máa ń dúró sójú ọ̀nà ni."

"Mo dúró kí n lè gbá ọ mú ni. Ta ló mọ ibi tí o máa yọ̀ dé, ó lè jẹ́ Bergen."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná. Lọ́jọ́rú kan, Torunn fi ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi tó ń rán ní ibi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tọrọ àyè, òun nìkan ló wọ ọkọ̀ lọ sókè. Kò mú síkíì dání. Sivert ti dúró ní ibùdókọ̀, ó sì ti gé irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá pupa nítorí òtútù tí kò bá a rí. Torunn fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó kó lè móoru, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu níbẹ̀, níṣojú àwọn èrò ọkọ̀ tí gbogbo wọn sáré wo ibòmíràn.

Ìgbà tí òtútù ń tán lọ, Sivert bi í ní ilé aláwọ̀ ìyeyè náà pé, "Ayọ̀ mi, ṣé o ò ní kó wá síbí? Ìgbòkun tí ò ń rán yẹn, o lè rán an níbikíbi. Yàrá tó kọjú sí oòrùn wà ńlẹ̀."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n má padà lọ lónìí gan-an." Torunn mi orí. "Ṣùgbọ́n Bàbá ti sọ pé lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí, òun ò ní lọ sórí òkè mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti tán. Tí mo bá tún wá kó kúrò ní Bergen, kí ló kù fún un?"

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ìda fún un, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Sivert gbọ́ ọ títí dé òpin, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ bàbá ò ṣe nǹkan kan, àbí?"

"Ojú wọn ni."

"Wọ́n wá rò pé ẹsẹ̀ wọn ni."

"Ó sàn kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n mọ̀ pé ojú wọn ń lọ."

"Ta ló sọ pé ó sàn, Torunn?"

Torunn dìde, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pínyà láìrẹ́rìn-ín nìyẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí bàbá àti ọmọ wà nínú ilé kọfí, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì, Sivert lọ sí ibi tí wọ́n gbé síkíì wọn tì níta. Ó ha ìda aláwọ̀ aró kúrò lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kun elésè àlùkò. Kò gbàṣẹ. Lórí òkè wa, o lè bu búrẹ́dì nínú àpò àlejò kó má bínú, ṣùgbọ́n o kì í fọwọ́ kan síkíì ẹlòmíràn. Sivert mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni Torunn ti mọ̀. Síkíì di ilẹ̀ mú. Ó wẹ̀yìn tòun ti ìbẹ̀rù, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kò yọ̀, kò dúró. Oddvar kọjá lára rẹ̀. Ó gun òkè náà tán pátá, ó sì dúró lókè níbi tí kò dé láti ìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́dún náà. Nígbà tí Torunn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ni.

"Ó jọ pé mo ṣì wà ńbẹ̀," ó ní.

Inú Torunn dùn, ẹ̀rù sì bà á. Kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, Oddvar gbé síkíì rẹ̀ lé orúnkún láti nù ún bó ṣe máa ń ṣe. Àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó dúró. Ó tún un fọwọ́ kàn. Ìda yìí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, èyí tó kùn lánàá kò lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

"Ta ló fọwọ́ kan síkíì mi?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká délé."

"Àwọ̀ wo ni mo kùn ún lánàá?"

Torunn wo fèrèsé. Inú ihò òkè ni wọ́n wà, ojú bàbá rẹ̀ ló rí nínú gíláàsì.

"Aláwọ̀ aró ni, Bàbá."

"Lánàá nìkan?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ohùn Oddvar kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ, gbogbo wọn sì ń wo òkùnkùn ìta bí ẹni pé wọ́n máa fi ṣe ìdánwò fún wọn lọ́la. "Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé ẹsẹ̀ mi ti tán, o mọ̀ pé kò tán. Mo ti ń dágbére fún òkè yẹn lọ́kàn mi, Torunn. Ìwọ dúró tì mí, ò ń sọ pé kí n sinmi."

"Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Kí ló tún kù tí ò ń pa mọ́ nítorí kó má dùn mí?"

Torunn lè dákẹ́. Ó ti mọ dídákẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó sú u lójijì.

"Sivert ló ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, mo sì fẹ́ lọ."

Oddvar dá síkíì rẹ̀ padà sí ibi tó ti gbé e. Ó kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé Bergen, níbi tí òjò ti ń dúró dè wọ́n.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Oddvar kò wá sí ibùdókọ̀ Bergen. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, Torunn dúró ní ibùdókọ̀ títí ọkọ̀ fi lọ, òun náà ò wọ̀ ọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Sivert lórí fóònù pé kó má retí òun, pé ohun tó ṣe ti tú ilé àwọn ká. Ó kọ ọ́ tán, ó sunkún, torí ó mọ̀ pé kì í ṣe Sivert ló tú u ká. Òun fúnra òun ni, pẹ̀lú gbogbo ojú àánú tí òun fi ń wo bàbá òun.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ra búrẹ́dì, ó lọ sílé bàbá rẹ̀. Bàtà ńlá kan tó rin gbingbin wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà pupa kan sì kọ́ sókè rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Torunn mọ fìlà náà. Ó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó gbọ́ ohùn, ó dúró.

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn án," Oddvar ń sọ.

"Èmi ni."

"O mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ká ní mo béèrè, ẹ ò ní gbà."

"Mi ò ní gbà lóòótọ́."

"Ìdí tí mi ò fi béèrè nìyẹn. Ẹ má bínú pé mo fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, Oddvar. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀ yín nítorí pé ẹ gun òkè yẹn. Mo dúró nísàlẹ̀, mo rí yín. Inú mi dùn."

Àga kan dún lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà Oddvar sọ jẹ́jẹ́ pé, "Inú tèmi náà dùn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Àtẹ̀gùn ilé náà máa ń dún. Torunn gbé ẹsẹ̀ kan, bàbá rẹ̀ sì ní, "Wọlé, Torunn. Mo ti gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Etí mi kò tíì ṣe nǹkan kan."

Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì. Kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí ẹ bá mọ̀ nípa ojú yín, ẹ ò ní bá mi jáde mọ́."

"Mo sì ti fẹ́ dúró nílé nítorí ẹsẹ̀ tó dá ṣáká." Oddvar mi orí. "Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ara wa. Mo lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní awọ fẹ́lẹ́ kan ló ń bo ojú mi, pé àwọn máa yọ ọ́. Ó ní ká ní mo ti tètè wá ni." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kó lọ síbẹ̀?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ó máa dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bergen máa ṣófo lójú mi, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Skarvet." Ó wo Sivert náà. "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ ẹ̀yin méjèèjì fún. Ẹ má fojú àánú wò mí mọ́. Bí mo bá ń ṣìṣe, ẹ sọ fún mi."

Sivert na ọwọ́, Oddvar bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Torunn sì sunkún bó ṣe wù ú, kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé Àjíǹde, wọ́n ti yọ awọ kúrò lójú Oddvar. Òun àti Torunn wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Skarvet. Oòrùn ràn sórí yìnyín lọ́jọ́ náà débi pé àwọn èèyàn jókòó síta ẹnu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń bó ọsàn jẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lọ pẹ́, nígbà tí wọ́n sì padà dé ilé aláwọ̀ ìyeyè náà, Sivert ní kí wọ́n jókòó, òun ti se ẹran àgùntàn pẹ̀lú kábéèjì láti àná. Ó ti ń ronú oúnjẹ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó bù ú fún wọn, ó jókòó, ó sì ń wo ẹnu wọn.

Torunn tọ́ ọ wò. Ó wo bàbá rẹ̀. Oddvar ń jẹun, kò wòkè, ṣùgbọ́n omi ló ń mu léraléra. Torunn wo ojú Sivert, ojú onísùúrù tó ń retí yẹn, ó sì rí i bó ṣe máa rọrùn tó láti sọ pé ó dùn. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Sivert, iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Sivert wo inú àwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà Oddvar gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ó ní. "Mo ti rò pé ahọ́n mi náà ti ń lọ ni."

Sivert ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti nu ojú, Torunn ń rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà náà ń rẹ́rìn-ín tòun ti ọwọ́ lórí àyà. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Sivert di ọwọ́ Torunn mú lórí tábìlì.

"Ṣé o lè fẹ́ ẹni tó ń se irú oúnjẹ yìí?"

"Màá fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa fi iyọ̀ sí i."

Oddvar dìde, ó kó àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò níwájú wọn, ó sì lọ gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá fún ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀.